Ìlú Ńlá, Ìṣubú àti Ìtìjú: Bí Ipò Àwùjọ àti Ọrọ̀ Ajé Ṣe Kan Ìgbẹ̀mí-Ara-Ẹni ní Adó-Èkìtì àti Agbègbè Rẹ̀

Ìfáàrà

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ohun tí a máa ń sọ ní gbangba. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan, ìlẹ̀kùn ni a máa ń tì. Bí ọmọdé bá béèrè, a ó ní kí ó lọ ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn ní gbogbo ayé lé ní 720,000. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 73 ni ó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 29, ikú yìí ni ó ṣe ìkẹta nínú àwọn ohun tí ó ń pa wọ́n jù lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan, kì í sì í ṣe ti àwọn tí ayé sú láìnídìí.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: ọ̀nà wo ni ipò tí àwùjọ wà, àti ipò tí ọrọ̀ ajé wà, fi ń kan ọ̀ràn yìí nínú ìlú ńlá bí Adó-Èkìtì? Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a là á yé ara wa pé kò sí ìdí kan ṣoṣo tí ó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Àìsàn ọkàn wà níbẹ̀, ìrora ara wà níbẹ̀, ìjà inú ilé wà níbẹ̀. Àìlówó nìkan kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí òjò ti ń rọ̀ sórí gbogbo ilé tí ó sì jẹ́ pé ilé tí òrùlé rẹ̀ ti jò ni ó ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìnira àwùjọ ṣe ń rọ̀ sórí gbogbo wa. Iṣẹ́ onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ni láti wo òjò náà.

Ohun tí Durkheim kọ́ wa

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìdí ìmọ̀ yìí múlẹ̀ gbọn-in ni Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1897. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ àárín ènìyàn àti orí rẹ̀ lásán ni. Durkheim wo ìwé ìṣirò àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ó sì rí i pé iye irú ikú yìí kì í yí padà púpọ̀ lọ́dọọdún nínú ìlú kan náà, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oníkálukú nìkan ni, kí ni ó dé tí iye náà fi ń dúró sójú kan? Ó ní ohun kan wà nínú àwùjọ fúnra rẹ̀.

Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní ni ti ẹni tí okùn tí ó so ó mọ́ àwọn ẹlòmíràn ti já. Ìkejì ni ti ẹni tí okùn náà so mọ́ra jù, tí ó ka ẹ̀mí rẹ̀ sí ohun tí àwùjọ lè gbà. Ìkẹta ni ti ẹni tí ayé yí padà mọ́ lójijì, tí òfin àti ìlànà tí ó fi ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀ kò bá ipò rẹ̀ mu mọ́. Ìkẹrin, tí kò sọ púpọ̀ lórí rẹ̀, ni ti ẹni tí ìfipá àti ìnilára ti sé ọ̀nà mọ́ níwájú àti lẹ́yìn.

Àwa Yorùbá mọ irú kejì dáadáa nínú ìtàn wa. Aláàfin tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ kò ní àyè láti wà láàyè mọ́. Bákan náà ni ti Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1945 lórí rẹ̀ fi di ohun tí Dúró Ládiípọ̀ àti Wọlé Ṣóyínká kọ eré lé lórí. Ṣùgbọ́n irú kìíní àti ìkẹta ni àwọn onímọ̀ máa ń nawọ́ sí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú ńlá. A ó rí i láìpẹ́ pé ní ilẹ̀ Èkìtì, ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ìṣubú ju òṣì lọ

Ohun àkọ́kọ́ tí ìwádìí fi hàn ni pé òṣì tí ó ti pẹ́ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìṣubú. Ẹni tí a bí sínú àìní ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, àwọn tí ó yí i ká sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ẹni tí ó wà ní òkè lánàá tí ó bá ara rẹ̀ nílẹ̀ lónìí ni ó ń wá ọ̀rọ̀ tì. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé, iye àwọn tí ó gbẹ̀mí ara wọn nínú 100,000 ènìyàn gòkè láti 18.0 ní ọdún 1928 dé 22.1 ní ọdún 1932. Kì í ṣe pé kò sí tálákà ní 1928. Ìṣubú ni ó dé.

Ní ọdún 2009, David Stuckler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Wọ́n rí i pé bí àìríṣẹ́ṣe bá fi ìdá kan nínú 100 gòkè, irú ikú yìí láàrin àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 65 a fi nǹkan bí ìdá 0.79 nínú 100 lékún. Ṣùgbọ́n níbi tí ìjọba ti ń náwó láti tètè dá àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, ìbáṣepọ̀ náà a máa rẹlẹ̀, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí mọ́. Ní ilẹ̀ Finland ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àìríṣẹ́ṣe gòkè gan-an, síbẹ̀ irú ikú yìí kò gòkè tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìṣubú ọrọ̀ ajé kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ohun tí àwùjọ tẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń ṣubú ni ó ṣe pàtàkì.

Ìlú ńlá fúnra rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀daràn. Ní ilẹ̀ Ṣáínà láàrin ọdún 1995 sí 1999, iye tí ó ń kú báyìí ní ìgbèríko tó ìlọ́po mẹ́ta ti inú ìlú. Nígbà tí àwọn ará oko ń ṣí wá sí ìlú láti ṣiṣẹ́, ńṣe ni iye náà ń lọ sílẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ wulẹ̀ dá ìlú lẹ́bi. A gbọ́dọ̀ béèrè irú ìlú tí ó jẹ́.

Irú ìlú wo ni Adó?

Ní ọdún 1938, Louis Wirth ti Chicago kọ̀wé pé ìlú ńlá ni ibi tí èrò pọ̀, tí wọ́n há mọ́ra, tí wọn kò sì mọ ara wọn. Ní ọdún 1955, William Bascom fi àwọn ìlú Yorùbá dá a lóhùn. Ó fi hàn pé ìlú wa ti tóbi tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n agbo ilé àti ìdílé ni a fi kọ́ ọ. Èrò pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ènìyàn kì í ṣe àjèjì.

Ẹ wo Adó tí Ewì ń jọba lé lórí. Ẹni tí a bí ní Òkèṣà, ní Ìjìgbò tàbí ní Ìdólófin ní agbo ilé, ó ní ẹgbẹ́, ó ní ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, ó sì ní orúkọ baba tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, tí Adó di olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní Àkúrẹ́ ṣí wá, àwọn ará Ìjerò, Ìyìn, Ìgèdè, Ìfàkì, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ya wọ ìlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kún títí dé Ìwòròkó. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó nìkan lé ní 300,000. Àdúgbò tuntun bí Baṣírì àti Adébáyọ̀ kún fún ayálégbé tí kò bá onílé tan. Síbẹ̀, ọjọ́ Sátidé kò lè kọjá kí púpọ̀ nínú wọn má lọ sí ìlú wọn fún òkú tàbí ìgbéyàwó. Ibẹ̀ ni ojú tí ó mọ̀ wọ́n wà.

Nítorí náà, ewu tí ó tóbi jù ní Adó kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ wá. Ewu náà ni pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ wá.

Ikú yá ju ẹ̀sín

Òwe wa kan sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. A máa ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ pé kí ó má jalè, kí ó má sì ba orúkọ ilé jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ilẹ̀ ìyì àti ilẹ̀ ẹ̀yẹ, òwe náà ní iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe tí a fi ń lé ènìyàn kúrò nínú ìwà ibi lè di idà lọ́wọ́ ẹni tí kò hùwà ibi kankan, àfi pé owó tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbèsè. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, ṣàlàyé bí a ti ń dógò ti onígbèsè láyé àtijọ́. Ológò a wọlé tọ̀ ọ́, a jókòó sí ojúde rẹ̀, a máa pariwo, a máa bú u, títí ìdílé yóò fi fi ìtìjú wá owó náà. Àṣà náà le, ṣùgbọ́n ó ní òpin: ìdílé ni ẹ̀sín náà kàn, ìdílé náà sì ni ó ń gbà á sílẹ̀. Lóde òní, àwọn ayánilówó orí fóònù gba ipò ológò. Àwọn kan nínú wọn a máa kó nọ́ńbà gbogbo tí ó wà nínú fóònù onígbèsè, wọn a sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Ìwà yìí pọ̀ débi pé ní ọdún 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà gbé ìlànà jáde láti ká wọn lọ́wọ́ kò. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀sín ti kúrò lójúde kan, ó ti dé gbogbo ìlú ní ìṣẹ́jú kan, ìdílé tí yóò sì pé jọ láti gba onígbèsè sílẹ̀ kò tíì gbọ́.

Àwọn ọkùnrin ni èyí kàn jù. Ní gbogbo ayé, iye ọkùnrin tí ó ń kú báyìí ju ìlọ́po méjì ti obìnrin lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin tí ó ń gbìyànjú rẹ̀ pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Baálé tí a kọ́ pé òun ni yóò máa fún ni kò mọ bí a ti ń tọrọ. Bí kò bá lè san owó ẹgbẹ́, kò ní lọ sí ìpàdé. Bí kò bá lè ra aṣọ ẹbí, kò ní lọ sí òde. Díẹ̀díẹ̀, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ di ẹni tí kò rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀. Ìtìjú ni ó ti já okùn náà. Báyìí ni irú kìíní Durkheim ṣe ń bí láti inú àwùjọ tí ó há mọ́ra.

Ìpínlẹ̀ tí ó gbé lé owó oṣù

Ohun mìíràn wà tí ó jẹ́ ti Èkìtì gan-an. Ilé iṣẹ́ ńláńlá kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa; owó tí ó ń yí nínú ìlú, láti owó oṣù ìjọba ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n ń san owó ilé, tí wọ́n ń rajà ní Ọjà Ọba, tí wọ́n ń gun ọ̀kadà, tí wọ́n sì ń rán ọmọ ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé ìwé.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí Èkìtì wà lára wọn, kò lè san owó oṣù bó ti yẹ. Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ ní láti yá àwọn ìpínlẹ̀ lówó kí wọ́n lè san án. Títí di ọdún 2018, a ṣì jẹ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn afẹ̀yìntì ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ètò ìrànlọ́wọ́ tí a jogún. Àjọ àti èésú, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ̀gbọ́n tí a lè sá bá, ìyá ọlọ́jà tí ó ń tà láwìn: gbogbo wọn ni ó gbára lé owó oṣù kan náà. Bí ilé kan bá jóná, àdúgbò lè bù omi sí i. Bí gbogbo àdúgbò bá ń jóná lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò bu omi fún ta ni? Ìdí nìyí tí ìjákulẹ̀ owó oṣù ní Adó fi wúwo ju bí ó ti rí ní ìlú tí oníruúrú iṣẹ́ wà.

Nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀, ọ̀wọ́n gógó gbòde. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ tí ó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè kéde pé iye ọjà fi ìdá 34.8 nínú 100 ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Owó oṣù ń wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń rà ti dín kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí rẹ̀ ta ilẹ̀ kí ó lè kàwé mọ iye tí a ná lé òun lórí. Bí ó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó lè dà bí ẹni pé gbogbo ìdílé ni òun sọ sómi. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Ìdí tí iye tí a kọ sílẹ̀ fi kéré

Ní ọdún 1962, Tọ́lání Àsúnì, ọ̀kan nínú àwọn dókítà ọpọlọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀ràn yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Èkìtì jẹ́ apá kan rẹ̀ nígbà náà. Ìwé àwọn kọ́rónà ni ó lò, iye tí ó rí níbẹ̀ sì kéré gan-an sí ti Yúróòpù. Ó dájú pé ìdílé àti ìbọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí ń dáàbò bò wá. Ṣùgbọ́n ìbòmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí a ń sọ nípa ikú Ṣàngó, ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kígbe ni pé ọba kò so. Bí a bá lè sẹ́ irú ikú bẹ́ẹ̀ fún ọba, mélòó mélòó ni fún ọmọ ilé wa? Ẹni tí ó bá kú báyìí láyé àtijọ́, a kì í sunkún rẹ̀ ní gbangba, a kì í sì í sin ín sínú ilé. Ta ni yóò wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún akọ̀wé ìjọba?

Òfin náà tún dá kún un. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Àwọn òyìnbó tí wọ́n fún wa ní òfin náà pa tiwọn rẹ́ ní ọdún 1961. Ìpínlẹ̀ Èkó yí tiwọn padà ní ọdún 2011 kí ilé ẹjọ́ lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Gánà pa á rẹ́ ní ọdún 2023. Níbi tí òfin bá ti ń halẹ̀ mọ́ aláìsàn, ìdílé yóò gbé e pamọ́ dípò kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nítorí náà, ó sàn kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn alààyè. Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2007. Nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n bi léèrè, nǹkan bí 3 ni ó ti ronú kàn án rí ní ìgbésí ayé wọn. Nínú 1,000, nǹkan bí 7 ni ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Bí a bá ka 100 ènìyàn nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ lè fojú wo ohun tí a ń sọ. Ẹ tún wo òdì kejì rẹ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí èrò náà wá sí lọ́kàn ni ó ṣì wà láàyè. Èrò náà a máa kọjá, bí a bá rí ẹni bá wa dúró títí yóò fi kọjá.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa

Èkíní, kí owó tí ó tọ́ sí ènìyàn máa dé ọwọ́ rẹ̀ lásìkò. Ní ilẹ̀ Indonesia, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi hàn ní ọdún 2019 pé níbi tí ìjọba ti fún àwọn tálákà ní owó ìrànwọ́, irú ikú yìí fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 dín kù. Èkìtì náà ti dán irú rẹ̀ wò nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní 5,000 náírà lóṣooṣù ní ọdún 2011. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó máa bá ìjọba wá kí ó sì máa bá ìjọba lọ. Owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì tí a san lọ́jọ́ rẹ̀, oògùn ni.

Ìkejì, kí ohun tí ó lè pa ènìyàn jìnnà sọ́wọ́ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Ilẹ̀ Sri Lanka fi òfin de àwọn oògùn apakòkòrò tí ó le jù, láti ọdún 1995 sí 2015 irú ikú yìí sì fi nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 lọ sílẹ̀. Àjọ NAFDAC náà gbé irú ìgbésẹ̀ kan ní ọdún 2019, nígbà tí ó fòfin de títà irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan nínú ìgò kéékèèké. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ràn án lọ́wọ́.

Ìkẹta, kí a gbé ìwòsàn súnmọ́ ilé. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ìdílé tí ó lè dójú ti ènìyàn náà ni ó lè wò ó sàn. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ kò tó 300 ní gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí náà nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú ní ilé ìlera ìbílẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní Adó, òmíràn sì wà ní Ìdó-Èkìtì.

Ìkẹrin wà ní ọwọ́ oníkálukú. Bí ẹni tí ń wá sí ìpàdé kò bá wá mọ́, ẹ má ṣe bu owó ìtanràn lé e. Ẹ lọ wò ó. Ẹ bi í léèrè tààrà bóyá ayé ti sú u débi pé ó ń ronú ikú. Ìwádìí ti fi hàn pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í fi èrò náà sí ni lọ́kàn; ńṣe ni ó ń tú ẹrù kalẹ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ sin ín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni, jọ̀wọ́, wí fún ẹnì kan kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé òṣì nìkan kọ́, ìṣubú ni. Pé ìlú nìkan kọ́, irú ojú tí ìlú fi ń wo ẹni tí ó ṣubú ni. Ní Adó, okùn tí ó so wá pọ̀ náà ni ó lè fún wa lọ́rùn bí ìtìjú bá gbà á mú. Àwọn àgbà sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe kejì yìí ni kí a máa kọ́ ọmọ wa báyìí. Kí ìjọba san gbèsè rẹ̀, kí àwa náà sì yé fi gbèsè ṣe ẹ̀sín.